Ọmọ Ẹni Kú, Ó Yá Ju Ọmọ Ẹni Nù Lọ: Isaac Fadoyebo ti Emùré-Ilé àti Ọ̀rọ̀ Àwọn Tó Nù Sógun Bọ́mà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Òwe yìí le létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí kò sí òbí tí í gbàdúrà pé kí ikú pa ọmọ òun. Àmọ́ àwọn tó ṣẹ́ kù sílé ni òwe náà ń bá wí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Yóò sunkún, ará àti ọ̀rẹ́ yóò bá a kẹ́dùn, ọjọ́ yóò sì máa gorí ọjọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù kò mọ ìgbà tó yẹ kí òun bẹ̀rẹ̀ ẹkún, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun dá a dúró.

Ìlú Èkó kún fún àmì ogun kan tó sọ òwe yìí di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Bárékè Dodan wà ní Ọbáléndé, Bárékè Arakan wà ní Àpápá, Bárékè Myohaung sì wà ní Yábàá. Ní Ìbàdàn, Bárékè Letmauk wà ní Mókọ́lá. Èrò tó ń wọ ọkọ̀ ní Kétu, Ìkòsì tàbí Mile 12, ní Kọ̀sọ́fẹ́, lọ sí àárín Èkó lè máa dárúkọ àwọn ibi wọ̀nyí lójoojúmọ́ láìbi ara rẹ̀ léèrè ibi tí orúkọ náà ti wá. Ilẹ̀ Bọ́mà ni gbogbo wọn ti wá. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jagun fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láàrin ọdún 1944 sí 1945.

Iṣẹ́ yìí yẹ ìgbésí ayé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ogun náà wò, ìyẹn Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. (A kọ orúkọ rẹ̀ bí òun náà ṣe tẹ̀ ẹ́ sára ìwé rẹ̀.) Fún oṣù mẹ́sàn-án ní ọdún 1944, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun rẹ̀ kò mọ ibi tó wà, bẹ́ẹ̀ ni ilé rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú kí a yàn án ni pé ó padà wá, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ni a fẹ́ dáhùn. Àkọ́kọ́, kí ni ipò "ẹni tó nù" nínú ètò ìdílé Yorùbá, kí sì ni ogun àwọn aláwọ̀ funfun sọ ipò náà dà? Ìkejì, kí ni ó yẹ kí àwa tí a ń kọ ìtàn Yorùbá lónìí ṣe nípa àwọn tí wọn kò padà, tí wọn kò sì kọ ìwé kankan?

Ọmọ ọdún 16 ní Abẹ́òkúta

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ ìdílé Fadoyebo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Fá", èyí tó fi hàn pé Ifá ní ìtàn nínú ilé náà; Isaac, orúkọ àpèjẹ́ rẹ̀, wá láti inú Bíbélì. Orúkọ méjèèjì yìí tó láti fi irú ayé tí wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1925 hàn: ìlú kékeré tí oko jẹ́ iṣẹ́ wọn, tí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ sì ti ń ṣí ojú àwọn ọmọdé sí ayé mìíràn. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1942, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta, kò sì gba àṣẹ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Kí ló mú ọmọ ilé-ìwé kan kúrò ní ìlú rẹ̀ lọ sógun tí kò mọ ìdí rẹ̀? A kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àlàyé rẹ̀, bí àwọn ìwé ìpolongo ìgbà náà ti ń ṣe. Ọmọ tó bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà kò fẹ́ padà sóko mọ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ akọ̀wé àti iṣẹ́ tíṣà kò pọ̀ tó láti kárí gbogbo wọn. Iṣẹ́ ológun ń san owó oṣù, ó ń pèsè aṣọ àti oúnjẹ, ó sì ń ṣí ojú ẹni sí ibi tí bàbá ẹni kò dé rí. Àwọn kan wà tí àwọn olóyè fi sílẹ̀ lábẹ́ ipá ìjọba, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Fadoyebo fi rìn lọ.

Ìjọba náà sì ń wá ènìyàn lójú méjèèjì. Ní ọdún 1940 àti 1941, àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà ti bá àwọn ará Ítálì jà ní Sòmálíà àti Etiópíà. Ní oṣù Kejì ọdún 1941 ni wọ́n wọ Mogadishu. Ní oṣù Kẹta ọdún 1942, Rangoon, olú-ìlú Bọ́mà, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànì, ogun sì dé ẹnu ibodè Íńdíà. Àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ará Àríwá ni ìbọn yẹ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ará Gúúsù tó kàwé ni kí á fi ṣe akọ̀wé, awakọ̀, alátùn-únṣe ẹ̀rọ àti olùtọ́jú aláìsàn. Èrò yìí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ òun ló pín iṣẹ́ fún wọn. Bí Fadoyebo ṣe di olùtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nìyẹn. Ìwé tó kà ni kò jẹ́ kí wọ́n fi sí iwájú ogun. Ogun sì bá a níbi tó wà náà.

Ìyàtọ̀ kan wà láàrin ogun yìí àti àwọn ogun tí àwọn baba ńlá wọn jà, tí àwọn òpìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Nígbà ogun Kírìjì (1877 sí 1886), ọmọkùnrin kì í dá lọ sójú ogun. Ó máa ń bá olórí ogun rẹ̀ lọ ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé rẹ̀ àti àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀. Bí ọfà tàbí ìbọn bá bà á, ẹni tó mọ ìyá rẹ̀ ni yóò ṣubú tì. Bí ó bá kú síbẹ̀, wọn a gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn a gbé e wálé, kí àwọn ará ilé lè rí ohun kan sin. Ogun lè pa á, ṣùgbọ́n kò rọrùn kí ó nù. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá ọmọkùnrin mọ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ tì í lè jẹ́ ará Sàró, ará Góòlù Kóòsì, Haúsá tàbí Tifí. Ikú rẹ̀ yóò di ìlà kan nínú ìwé ní ọ́fíìsì, ọ́fíìsì náà ni yóò sì pinnu ohun tí ilé yóò gbọ́ àti ìgbà tí wọn yóò gbọ́ ọ.

Àfonífojì Kaladan

Ní ọdún 1943 ni wọ́n dá Ìpín Ọmọ-ogun Kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Íńdíà. Lẹ́yìn wọn ni Ìpín Kejìlélọ́gọ́rin tẹ̀ lé e. Nǹkan bí 90,000 ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìhà Éṣíà. Aláǹtakùn ni àmì tó wà lára aṣọ Ìpín Kọkànlélọ́gọ́rin, láti inú ìtàn Ananse tí àwọn Akan ń pa. Nínú àlọ́ tiwa, Ìjàpá ni ìbá dúró sí ipò rẹ̀. Ọ̀gágun Christopher Woolner ló kọ́kọ́ darí wọn.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn le. Àfonífojì odò Kaladan wà ní agbègbè Arakan, ó sì kún fún igbó, òkè àti omi. Kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Àwọn ọmọ-ogun yìí fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà jíípù tó lé ní máìlì 70 já àwọn òkè náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, tí ó jẹ́ pé bàálù ló ń ju oúnjẹ, ọta ìbọn àti oògùn sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Ẹrù tí bàálù bá jù sílẹ̀, orí ni wọ́n fi ń rù ú. Àwọn aláàárù tó wà láàrin wọn pọ̀, iṣẹ́ wọn kò sì yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀ mọ́ àwọn tó ń rẹrù láti ìlú dé ìlú kí rélùwéè tó dé. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé ìbọn ń dún yí wọn ká. Ní àkókò kan náà, wọ́n ti yọ ẹ̀ka kan lára Ìpín náà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, lọ bá Ọ̀gágun Orde Wingate jà lẹ́yìn ọ̀tá ní àárín gbùngbùn Bọ́mà.

Ẹgbẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 29, ni Fadoyebo wà. Àwọn ará Sàró àti àwọn ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn dókítà aláwọ̀ funfun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 1944, bí wọ́n ti ń bá odò Kaladan lọ, wọ́n dúró sí etí odò ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Nyron. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun Jàpáànì ti ká wọn mọ́. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n kó àwọn mìíràn lẹ́rú. Ìbọn ba Fadoyebo lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́, kò lè dìde. Àwọn ará Jàpáànì rí i, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀ kó kú.

Oṣù mẹ́sàn-án

Ẹni kan tún wà tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó yè: David Kargbo, ọmọ Sàró. Àwọn mìíràn tó gbọgbẹ́ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ kú lọ́kọ̀ọ̀kan láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn méjèèjì kù sínú igbó ní ìlú tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀, láìsí oògùn, láìsí ìbọn, ọ̀tá sì yí wọn ká.

Àwọn ará abúlé ló gbà wọ́n là. Arakan ìgbà náà kì í ṣe ìlú alálàáfíà. Láti ọdún 1942 ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti àwọn Mùsùlùmí agbègbè náà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́sìn Búdà fara mọ́ Jàpáànì, púpọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí sì fara mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mùsùlùmí, àgbẹ̀, ni Shuyiman tó di alábòójútó wọn. Àwọn tí a mọ̀ lónìí sí Rohingya ni ènìyàn rẹ̀. Ó ń gbé oúnjẹ àti omi lọ fún wọn níbi tí wọ́n fara pa mọ́ sí. Nígbà tí òjò wá pọ̀ ju ohun tí igbó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó wọn wọ ilé rẹ̀, láàrin ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Fadoyebo àti Kargbo, tí wọ́n jẹ́ Kristẹni, fi ara wọn hàn bíi Mùsùlùmí. Bí àwọn ará Jàpáànì bá rí wọn nílé náà, pípa ni wọn ìbá pa onílé àti àlejò.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìwà ọkùnrin yìí, nítorí òun ni ìtàn ogun máa ń gbójú fò jù lọ. Kì í ṣe ọmọ-ogun. Kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò mọ ibi tí Emùré-Ilé wà, kò sì lè pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ni ó rí létí odò, ó sì ṣe é bí ọmọ. Nínú gbogbo ìjọba tó ń jà lórí ilẹ̀ rẹ̀, kò sí èyí tó ṣe fún ìdílé Fadoyebo ní ìdajì ohun tí àgbẹ̀ yìí ṣe.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún gba àfonífojì náà wọlé, wọ́n sì rí àwọn méjèèjì láàyè. Ní oṣù Kìíní ọdún 1945 ni àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba Myohaung, ìlú tí a wá fi orúkọ rẹ̀ pe bárékè ní Yábàá.

Kú, nù, àti ohun tó wà láàrin wọn

Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, kí ni ipò ọmọ náà nílé? Èdè ológun Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún un, ọ̀rọ̀ náà sì ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀: ẹni tí a kò rí. Ìjọba lè fi ènìyàn sí àyè yẹn fún ọdún púpọ̀, iṣẹ́ ọ́fíìsì yóò sì máa lọ. Nínú ètò ìdílé Yorùbá, kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ní ni "kú" àti "wà". "Nù" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ nípa owó, ewúrẹ́ àti ọ̀bẹ, ohun tí a lè máa wá. Bí a bá lò ó fún ènìyàn, ìṣòro mẹ́ta ló máa ń bí lójú ẹsẹ̀.

Èkíní ni ìsìnkú. Bí àgbà bá kú, a ó sin òkú àgbà, ìlù yóò dún. Bí ọ̀dọ́ bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í pa ẹran sí i, òbí kì í sì í lọ sí ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ètò wà fún ìdùnnú, ètò wà fún ìbànújẹ́. Kò sí ètò fún iyèméjì. Ìdílé tó bá ṣọ̀fọ̀ ẹni tó nù, bí ẹni pé wọ́n ń fi ẹnu ara wọn pe ikú wá bá a ni. Èyí tó bá kọ̀ láti ṣọ̀fọ̀ sì lè jẹ́ pé òkú rẹ̀ ni wọ́n pa tì. Irun àti èékánná tí wọ́n ń gbé wálé ní ayé àtijọ́ ló ń gba ìdílé lọ́wọ́ ìdààmú yìí, kò sì sí ẹni tí yóò gbé e láti Arakan wá sí ilẹ̀ Ọ̀wọ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ aya àti ogún. Ọmọ ọdún 16 ni Fadoyebo nígbà tó lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó bá a lọ fi aya sílẹ̀. Ìyàwó ẹni tó kú di opó: yóò ṣe opó, ọjọ́ yóò pé, a ó sì mọ ohun tó kàn, ìbáà jẹ́ ṣíṣú lópó tàbí pípadà sílé bàbá rẹ̀. Ìyàwó ẹni tó nù kì í ṣe opó, kì í sì í ṣe abilékọ ní kíkún. Bákan náà, bí wọ́n bá ń pín ogún bàbá ní ìdí-igi, ṣé kí á yọ ìpín ẹni tó nù sílẹ̀? Ìgbà wo ni a ó dá a dúró dà? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti ìbànújẹ́ nìkan. Wọ́n jẹ mọ́ ilẹ̀, owó àti ipò ọmọ nínú ilé, wọ́n sì lè dá ìjà sílẹ̀ láàrin ọmọ ìyá títí di ìran kẹta.

Ẹ̀kẹta ni ìwádìí. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ nù kì í jókòó. Ìdílé a máa tọ babaláwo lọ, wọn a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sọ́dọ̀ ààfáà, wọn a sì tún bẹ akọ̀wé kó bá wọn kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ológun. Nínú ìdílé tó wà láàrin Ifá àti Bíbélì, bí orúkọ ilé Fadoyebo ti fi hàn, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni òun yóò gbà. Owó tó ń lọ síbẹ̀ wà lára iye tí ogun náà ná àwọn ìdílé Yorùbá, a kò sì lè rí i nínú ìwé ìṣirò ìjọba kankan.

Níbí ni ìtàn Fadoyebo ti bá òwe wa jiyàn. Bí ikú bá sàn ju nínù lọ lóòótọ́, a jẹ́ pé ì bá sàn kí ọ̀tá ti pa á létí odò, kí ilé lè mọ̀. Kò sí ará Emùré-Ilé tí yóò gba èyí lẹ́yìn tí ọmọ náà wọlé. Ohun kan náà tó mú kí nínù burú ju ikú lọ, ìyẹn àìmọ òpin, òun ni ilẹ̀kùn tí ọmọ náà gbà padà. Ìrora àwọn ará ilé ni òwe náà fi ń wọn ọ̀rọ̀, kò sì ṣìnà nínú ìyẹn. Kò kàn sọ ti ọmọ ni. Òpìtàn tó bá lo òwe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí gbọ́dọ̀ máa bèèrè pé ojú ta ni òwe náà fi ń wo ayé.

Ìpadàbọ̀ àti ìwé

Ní ọdún 1945, Fadoyebo padà sí Nàìjíríà, ó sì dé Emùré-Ilé. Yorùbá gbàgbọ́ nínú àkúdàáyà, ẹni tó ti kú tí a tún rí láàyè níbòmíràn. Ẹni tó bá ti òdì kejì ayé dé lójijì kò ní ṣàì rí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wò ó tìfura-tìfura. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tiro jẹ́ ẹ̀rí pé ara ẹran ni, àti pé ogun kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ó tiro títí tó fi kú. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó sì jẹ oyè.

Ó tún ṣe ohun kan tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe: ó jókòó, ó kọ ìtàn ara rẹ̀. Ní ọdún 1999, David Killingray, òpìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àtúntò ìwé náà, Yunifásítì Wisconsin ní Madison sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àkọlé A Stroke of Unbelievable Luck. Àkọlé náà, tó ń sọ nípa oríire tó kọjá ohun tí ẹnu lè sọ, kò jọ ti ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní akọni. Ohun tó mú ìwé náà ṣe pàtàkì fún wa ni pé òun ni ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ìwé tí ọmọ-ogun Yorùbá fúnra rẹ̀ kọ nípa Bọ́mà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ wá láti ọwọ́ àwọn ọ̀gá wọn.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ Shuyiman kò kúrò lọ́kàn Fadoyebo. Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Arakan. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó rí ìdílé rẹ̀, àwọn náà sì mọ ìtàn náà. Fíìmù kan jáde lórí rẹ̀ lọ́dún náà, ìwé Phillips, Another Man's War, sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2014. Fadoyebo ti kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ ti dé ibi tó ń rán an lọ. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ó lé ní 700,000 Rohingya tó sá kúrò ní agbègbè náà lọ sí Bangladesh nítorí ìkọlù àwọn ọmọ-ogun Myanmar. Àwọn tó gba ọmọ wa sílé nígbà tó nù ni ayé wá sọ di aláìnílé.

Àwọn tí kò padà

Ní Taukkyan, lẹ́yìn òde Rangoon, ìrántí kan wà tí wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 27,000 ọmọ-ogun sí, àwọn tó kú ní Bọ́mà tí a kò mọ sàréè wọn. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára wọn. Èdè márùn-ún ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ìrántí síbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, èdè Bọ́mà, Híńdì, Úrúdù àti Púńjábì tí a fi Gurmukhi kọ. Yorùbá kò sí níbẹ̀; Haúsá kò sí níbẹ̀. Bí ìyá kan láti Èkìtì bá tilẹ̀ rí owó ọkọ̀ débẹ̀, tó sì bá orúkọ ọmọ rẹ̀ lára òkúta, òkúta náà kò ní bá a sọ èdè rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Bárékè wa ń jẹ́ orúkọ ojú ogun. Kì í ṣe orúkọ ọmọ tó kú síbẹ̀. Ère ọmọ-ogun tó wà ní Èkó tẹ́lẹ̀ rí kò lórúkọ. Orúkọ àdúgbò tó dúró sí ni àwọn ará Èkó fi sọ ọ́ ní Sójà Ìdúmọ̀tà, ère náà kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Lítíréṣọ̀ ti gbìyànjú jù wá lọ. Biyi Bandele, tí bàbá rẹ̀ ja ogun Bọ́mà, gbé ìwé ìtàn àròsọ Burma Boy jáde ní ọdún 2007, ó sì fi orúkọ, ẹ̀rín àti ẹ̀rù sára àwọn ọmọkùnrin tí ìwé ìjọba kàn kà bí ẹni ka igi. Ọmọ ló ń wá ohun tí bàbá rẹ̀ gbé padà wálé. Àwọn tí bàbá wọn kò padà kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láti gbọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí tọ́ka sí ni pé ogun àwọn amúnisìn kò pa àwọn ọmọ Yorùbá nìkan. Ó mú irú àìsí kan wọ inú ìdílé tí àṣà wa kò ní ètò fún. Ogun àtijọ́ ní ọ̀nà láti gbé òkú wálé, kódà bó jẹ́ irun àti èékánná nìkan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ lọ, ó sì fi ìwé rọ́pò rẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí kò lè dúró. Àwọn tó ja ogun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, àwọn ọmọ wọn náà sì ti ń darúgbó. Àwòrán tó wà lára ògiri, ìwé owó oṣù tó wà nísàlẹ̀ àpótí, orúkọ tí ìyá àgbà máa ń dá nínú àdúrà láìṣàlàyé, gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀rí. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìgbà tí òun bá dé ilé ìkówèésí ní Lọ́ńdọ̀nù ni òun tó lè bẹ̀rẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní Mile 12, níbi tí ọjà oúnjẹ ti kó ará Àríwá àti ará Gúúsù jọ, bí Ìpín Kọkànlélọ́gọ́rin ti kó wọn jọ nígbà kan. Ó lè kan ilẹ̀kùn ní Kétu àti Ìkòsì, kí ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni ó lọ sógun nínú ilé yín tí kò padà wá?

Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn pọ̀ ju ohun tí ìwé kan lè gbà. Ṣùgbọ́n ìdílé tí a bá béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ wọn lọ́wọ́ wọn, tí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, yóò mọ̀ pé ẹlòmíràn náà ń bá wọn wá a.